Ọdún Mẹ́tàlélọ́gbọ̀n Tí Mo Fi Ṣàlàyé Òfin fún Àwọn Tó Ni Ín

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ro iṣẹ́ tí ẹ ó fi ayé yín ṣe, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Iṣẹ́ tí mo ṣe kì í ṣe irú èyí tí òbí máa ń gbàdúrà pé kí ọmọ òun ṣe. N kò rí ìyá kan rí tó gbé ọmọ sẹ́yìn, tó ń sọ pé, "Ọmọ mi á di alálàyé òfin." Dókítà ni wọ́n ń fẹ́, lọ́yà ni wọ́n ń fẹ́. Èmi kì í ṣe lọ́yà. Tèmi ni láti jókòó ti ẹni tó ń yan gàrí tàbí ẹni tó ń lẹ táyà, kí n sọ ohun tí ìwé òfin ilẹ̀ wa wí nípa rẹ̀ fún un, kí ó sì yé e. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é, láti Fìdítì dé Ilora, láti Ilora dé Awẹ́, àti gbogbo abúlé tó wà láàárín wọn. Tíṣà Òfin ni wọ́n ń pè mí. Àwọn ọmọ tó kọ́kọ́ pè mí bẹ́ẹ̀ ti bímọ, àwọn ọmọ wọn náà sì ti gbà á lẹ́nu wọn.

Fìdítì ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ọlọ́sàn ni bàbá mi, ó sì tún jẹ́ díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi. Nígbà tí mo jáde ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, mo rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tó wà fún lílà aráàlú lójú nípa ìjọba àti ẹ̀tọ́ wọn. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò ní ìtàn, owó oṣù rẹ̀ kò sì yẹ lóhun tí à ń fi ṣe fọ́ńté. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ìyáàfin Fẹ̀yìntọ́lá ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Awẹ́ ni. Ó ti ṣe tíṣà fún ogún ọdún kó tó bọ́ sí iṣẹ́ yìí. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ga, ṣùgbọ́n bó bá wò ọ́ láti orí gíláàsì ojú rẹ̀, wàá rántí gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ tí o ti ṣẹ̀ láti kékeré. Màmá ni gbogbo wa ń pè é.

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo ti múra sílẹ̀ dè é. Ìjọba ológun ló wà lórí àlééfà nígbà náà. Wọ́n ti gbé apá kan ìwé òfin tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n sì tún ń sọ pé àwọn máa tó gbé ìjọba fún alágbádá, nítorí náà ìjọba tí kò tíì dé là ń ṣàlàyé rẹ̀ fún aráàlú. Ìwé tí mo kà, ti Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, torí pé ara tiwọn la ti wo àwòkọ́ ìjọba ààrẹ tiwa. Mo dúró gbọnyin níwájú Màmá, mo sì kà á bí ẹni ń ka Sáàmù: ẹ̀ka mẹ́ta ni ìjọba Amẹ́ríkà ní, àwọn aṣòfin, ààrẹ tó ń mú òfin ṣẹ, àti àwọn adájọ́ tó ń túmọ̀ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń yan sẹ́nétọ̀ méjì, ìbáà tóbi, ìbáà kéré. Ààrẹ lè kọ̀ láti fọwọ́ sí òfin, àwọn aṣòfin sì lè borí rẹ̀ bí wọ́n bá pọ̀ tó.

Màmá gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ó dára. Lọ sọ ọ́ fún Ìyá Ràfíù."

Ìyá Ràfíù ni obìnrin tó ń yan gàrí lẹ́yìn ọ́fíìsì wa. Mo lọ bá a nídìí agbada, mo kí i, mo sì bẹ̀rẹ̀. "Mà, ẹ̀ka mẹ́ta ni ìjọba ní."

Kò gbójú sókè. "Igi wo ló ní ẹ̀ka mẹ́ta?"

Mo ní kì í ṣe igi, ìjọba ni. Ó ní, "Ìjọba wá ní ẹ̀ka. Ewé rẹ̀ ńkọ́?" Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn. Mo padà sí ọ́fíìsì. Màmá bi mí pé, "Ṣé ó sọ ọ́ padà fún ọ?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ẹni tí kò bá lè sọ ọ́ padà fún ọ lẹ́nu ara rẹ̀, o kò tíì sọ nǹkan kan fún un. Padà lọ."

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo fi gbogbo ohun tí mo há sórí sílẹ̀. Mo bi í pé, "Mà, bí ẹnì kan bá ṣòfin fún àwọn tó ń yan gàrí níbí, tí ẹni yẹn náà ló ń mú arúfin, tí òun náà ló tún ń dájọ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀?"

Ó fi igbá tó fi ń ro gàrí lélẹ̀. Ó ní, "Gbogbo wa la máa jẹ̀bi." Ó wá tọ́ka sí ààrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọmọ mi, wọ́n ní ààrò mẹ́ta kì í dọbẹ̀ nù. Àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ jìnnà síra díẹ̀. Bí o bá ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sójú kan, ìkòkò á ṣubú. Ṣé ohun tí o ń wá bọ̀ láti ọjọ́ yìí nìyẹn?"

Mo sáré padà lọ sọ fún Màmá. Ó bọ́ gíláàsì rẹ̀, ó nù ún. "Ta ló wá kọ́ ta?"

Mo ní, "Òun ló kọ́ mi, Mà."

"Ó kù díẹ̀ kí o gbọ́n. Lọ́la, wàá máa gbé mẹgafóònù."

Oṣù mẹ́fà gbáko ni mo fi gbé e láìsọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Màmá a sọ̀rọ̀, èmi a máa wo ojú àwọn ènìyàn. Bí a bá wọ mọ́tò padà, yóò bi mí pé, "Ìgbà wo ni ọ̀rọ̀ wa kò yé bàbá onífìlà pupa yẹn mọ́?" Bí n kò bá mọ̀ ọ́n, a jẹ́ pé n kò ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó wá gbà kí n sọ̀rọ̀, kò dákẹ́ fún mi. Lọ́jọ́ kan ní Awẹ́, mo sọ fún àwọn èèyàn pé mo fẹ́ ṣàlàyé àwọn àǹfààní tí ìjọba fún wọn. Ó gba mẹgafóònù lọ́wọ́ mi lójú gbogbo ayé, ó sì parí ìpàdé náà fúnra rẹ̀. Nínú mọ́tò, ó ní, "Àǹfààní ni ohun tí ẹni tó fún ọ lè gbà padà. Ẹ̀tọ́ ni ohun tó jẹ́ pé ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ rẹ, olè ló jà ọ́. Bí o bá tún pa méjèèjì pọ̀, wàá padà sídìí gbígbé mẹgafóònù." N kò pa wọ́n pọ̀ mọ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Báyìí, mo fẹ́ sọ ohun tí mo ṣe tí kò dára. Mo lè fò ó, àwọn àgbàlagbà mìíràn a máa fo tiwọn. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ.

Ìjọba alágbádá ti dé. Mo ti di ọ̀gá kékeré, ẹnu mi sì ti dùn. A ṣe ìpàdé kan nínú gbọ̀ngàn kan ní Ilora pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́: télọ̀, wẹ́dà, àwọn tó ń lẹ táyà. Ìpàdé ti ń lọ sópin, òjò sì ti ṣú dẹ̀dẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde. Ó ní nínú fíìmù Amẹ́ríkà, bí ọlọ́pàá bá mú èèyàn, wọ́n máa ń sọ fún un pé ó lè dákẹ́. Ṣé ó wà nínú tiwa?

Mo ní, "Ó wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá mú yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́. Ẹnikẹ́ni kò lè fipá mú yín sọ̀rọ̀." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, oníkálukú sáré lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Mo pa ìwé òfin dé, mo sì fi ìdajì gbólóhùn náà sínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, télọ̀ kan tó wà níbi ìpàdé náà, Múfútáù lorúkọ rẹ̀, lọ ra òwú àti aṣọ tí wọ́n ń rán sínú ẹ̀wù ní Ìbàdàn. Nígbà tó ń bọ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ nílùú kan lójú ọ̀nà láti jẹun. Wọ́n ti jí ọ̀kadà kan níbẹ̀ lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn, ẹnì kan sì sọ pé ẹ̀wù tó wọ̀ jọ ti olè náà. Ọlọ́pàá mú un. Lọ́jọ́ tí wọ́n jí ọ̀kadà yẹn, Ilora ni Múfútáù wà láti òwúrọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tó ń wọn aṣọ fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kan, èèyàn bí ọgbọ̀n ló sì rí i. Ọ̀rọ̀ kan péré ni ì bá sọ. Kò sọ ọ́. Wọ́n bi í lórúkọ, ó dákẹ́. Wọ́n bi í ní ìlú rẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n wá gbà pé ògbólógbòó olè ni, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ọjọ́ márùn-ún ló fi wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni nílé kò mọ ibi tó wà.

Opó ni ìyá rẹ̀. Ó wá a dé ilé ìwòsàn, ó wá a dé ibùdókọ̀, títí ó fi ṣubú lulẹ̀ létí títì lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Lọ́jọ́ karùn-ún, awakọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ Ilora rí Múfútáù ní àgọ́ ọlọ́pàá náà, ó sì wá sọ nílé. Ọ̀dọ̀ mi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin gbà wá tààrà. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kó dákẹ́."

Èmi, Màmá, àti obìnrin yìí la jọ lọ. Màmá kí ọ̀gá tó wà níbẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó jókòó, ó sì ní òun fẹ́ rí ẹni tí wọ́n mú. Wọ́n mú Múfútáù jáde. Ètè rẹ̀ wú, aṣọ rẹ̀ ti ya léjìká. Ó rí mi, ojú rẹ̀ sì tàn bí ẹni rí bàbá rẹ̀. Ó ní, "Tíṣà Òfin, ẹ kú ìrìnàjò. Ṣé mo ti lè sọ̀rọ̀ báyìí?"

Mo ti sin òbí mi méjèèjì. Kò sí ọjọ́ tó dùn mí tó ọjọ́ náà.

Ó sọ̀rọ̀. A ránṣẹ́ sí olórí ẹgbẹ́ akọrin náà, ó wá pẹ̀lú ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n aṣọ wọn sí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti tú Múfútáù sílẹ̀. Ara ìyá rẹ̀ yá lẹ́yìn oṣù kan, àmọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò mọ́, ọ̀pá ló fi ń rìn.

Nínú mọ́tò, Màmá ṣí ìwé òfin, ó sì fi ìka tọ́ ọ fún mi. Ẹni tí wọ́n bá mú ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́ títí yóò fi bá lọ́yà, tàbí ẹnikẹ́ni mìíràn tó bá wù ú, sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìdajì tí o fi sílẹ̀ ni ìdajì tí ì bá gbà á. Ì bá ní kí wọ́n pe ẹ̀gbọ́n òun."

Mo ní, "Mà, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí..."

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ilé nìyẹn. Nínú iṣẹ́ tiwa, ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ń pààyàn."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ lẹ́tà pé mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó kà á, ó ká a, ó sì dá a padà fún mi. "Bí o bá lọ, ta ni yóò lọ sọ ìdajì kejì fún wọn?"

Nígbà tí ara ìyá Múfútáù yá, mo padà sí Ilora, sínú gbọ̀ngàn kan náà. Mo dúró níwájú gbogbo wọn, mo ní mo ti ṣì wọ́n lọ́nà, mo sì sọ ibi tí àṣìṣe náà wà. Ìyá Múfútáù wà níjòókòó iwájú, ọ̀pá rẹ̀ lórí itan. Gbogbo ojú yí sí i. Ó ní, "O ṣẹ̀ wá. N kò ní purọ́ pé o kò ṣẹ̀ wá. Àmọ́ o wá fúnra rẹ. Ó yá, sọ ọ́ ní odindi, kí n há a sórí."

Mo sọ ọ́. Ó sọ ọ́ padà. Gbogbo gbọ̀ngàn sì sọ ọ́ tẹ̀lé e, àwọn télọ̀, àwọn wẹ́dà, títí kan Múfútáù. Láti ọjọ́ yẹn, kò sí oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Ilora tí kò mọ̀ pé bí wọ́n bá mú òun, orúkọ òun àti ẹni tí wọ́n máa pè fún òun ló kọ́kọ́ yẹ kí òun sọ.

Àwọn irinṣẹ́ wa yí padà. Mẹgafóònù ni mo bá lẹ́nu iṣẹ́, bátìrì mẹ́jọ ló ń jẹ, èjìká mi ọ̀tún sì mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fún wa ní mọ́tò tó ní gbohùngbohùn lórí. Aráàlú kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ní ó dà bí mọ́tò olóògùn eku. Nígbà tó yá, a dé orí rédíò. Ìyẹn dùn, àwọn èèyàn ń fóònù wọlé láti oko, àmọ́ n kò rí ojú wọn. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo ń sọ̀rọ̀ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún, n kò sì mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ mi kò yé bàbá onífìlà pupa mọ́. Màmá ti fẹ̀yìn tì nígbà náà. Ó máa ń gbọ́ mi láti Awẹ́, a sì máa fóònù mi tí mo bá ti jáde: "O yára jù lónìí." Lọ́dún tí Màmá kú, mo ṣì ń retí ìpè rẹ̀ lẹ́yìn ètò kọ̀ọ̀kan.

Mo rò pé bí mo bá fẹ̀yìn tì, ẹnu mi á sinmi. Mo kó wá sí Ilora, ìlú ìyàwó mi, mo ń gbin ẹ̀gẹ́ díẹ̀. Ní ọdún tó kọjá ni Màmá Débórà, ìyá àgbà kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ránṣẹ́ pè mí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Ìyá Bísí, ti wà ní Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ìwé ìgbélùú ló ní, kò tíì di ọmọ ìlú. Bó bá wálé tó sì pẹ́ jù, wọ́n lè má jẹ́ kó padà wọlé sọ́dọ̀ ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́. Ojú Màmá Débórà sì ti ń ṣú, àbúrò rẹ̀ fẹ́ wá jókòó tì í fún ọdún kan, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó ti lọ ṣe ìdánwò ọmọ ìlú lẹ́ẹ̀kan, ó sì fìdí rẹmi. Nítorí ọjọ́ orí rẹ̀, wọ́n gbà kó dáhùn ní Yorùbá, kí ògbufọ̀ wà níbẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi lórí fóònù: "Tíṣà, ọ̀dọ́mọdé ni ògbufọ̀ yẹn. Ó ní kí ni àtúnṣe àkọ́kọ́. Mo ní òrùlé ni. Ṣebí ilé ni mo rò pé wọ́n ń tún ṣe."

A bẹ̀rẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá Débórà, torí pé ibẹ̀ ni fóònù ti ń gbọ́ dáadáa. Mo ń ká ohùn mi sílẹ̀, mo sì ń fi ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀. Màmá Débórà a jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, a máa bó ẹ̀gúsí, kì í sọ̀rọ̀. Mo ṣàlàyé pé ìwé òfin wọn ló ga ju ààrẹ lọ, ó ga ju adájọ́ lọ. Mo ṣàlàyé pé nígbà tí wọ́n kọ ọ́ tán, àwọn èèyàn ní, "Ẹ ti kọ agbára ìjọba, ẹ kò kọ ohun tí ìjọba kò gbọdọ̀ ṣe sí wa." Wọ́n wá fi òfin mẹ́wàá kún un. Àkọ́kọ́ nínú rẹ̀ ni pé kí oníkálukú sin Ọlọ́run bó ṣe wù ú, kó sọ tinú rẹ̀, kí ìwé ìròyìn kọ ohun tó rí, kí àwọn èèyàn pé jọ ní àlàáfíà, kí wọ́n sì lè mú ẹ̀dùn wọn tọ ìjọba lọ.

Ìyá Bísí fi ohùn tirẹ̀ dá mi lóhùn lẹ́yìn wákàtí kan. "Ó ti yé mi. Àfikún ni, kì í ṣe àtúnṣe òrùlé. Wọ́n kọ́ ilé tán, wọ́n wá rí i pé àwọn kò fi ilẹ̀kùn sí i." Mo rẹ́rìn-ín, mo ní kó dáhùn bẹ́ẹ̀, àmọ́ kó dárúkọ àwọn ẹ̀tọ́ náà tẹ̀lé e.

Oṣù mẹ́ta la fi ṣe é. Lọ́jọ́ ìdánwò, èmi àti Màmá Débórà jókòó, a ń wo fóònù bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàìsàn. Ó tó ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ kó tó dún. Mo gbé e sí etí Màmá Débórà. Ohùn àbúrò rẹ̀ já gaara, èmi náà gbọ́ ọ: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi."

Màmá Débórà kàn ń mi orí pé òun ti gbọ́, bí ẹni pé àbúrò rẹ̀ ń rí i.

N kò lọ síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rò pé iṣẹ́ ti parí. N kò lọ lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, Màmá Débórà ránṣẹ́ sí mi pé kí n máa bọ̀ kíákíá. Mo sáré lọ, mo rò pé ara rẹ̀ kò yá. Mo bá a níjòókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìgbálẹ̀ ti kan gbogbo ibẹ̀, wọ́n ti gbé àga mi sí ipò rẹ̀. Àwọn obìnrin àdúgbò márùn-ún ti pé jọ sórí ẹní.

Ó ní, "Tíṣà, mo ti gbọ́ ti Amẹ́ríkà tán láti oṣù mẹ́ta. Mo mọ ohun tí ààrẹ wọn kò gbọdọ̀ ṣe sí wọn. N kò dé ibẹ̀ rí, n kò sì ní í dé ibẹ̀. Ti àwa ńkọ́?"

Mo ní kí wọ́n dúró dè mí. Mo padà sílé, mo mú ìwé òfin ilẹ̀ wa lábẹ́ àwọn aṣọ mi, mo gbọn eruku rẹ̀ nù. Nígbà tí mo dé, àwọn obìnrin náà ti di mẹ́jọ. Mo jókòó, mo wọ gíláàsì mi, mo sì ṣí ojú ìwé àkọ́kọ́.